Ṣé Tíṣà Ni Atẹdùùrù Tó Bá Kùnà Ń Dà?

Ìyá kan kọ̀wé láti Abẹ́òkúta pé: “Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 17. Orí kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá bọ́ sọ́wọ́ tíṣà tó ní pianó, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ní gíréèdì 8 ti ABRSM, àjọ òyìnbó tó ń ṣe ìdánwò orin, pẹ̀lú máàkì 131. Ó ní òun ò kọ́ nọ́ọ̀sì mọ́, atẹdùùrù orí ìtàgé lòun fẹ́ dà, irú àwọn tó ń tẹ orin Chopin àti Beethoven fún èrò. Bàbá rẹ̀ ní kò sẹ́ni tó ń jẹun nídìí ẹ̀, pé bó pẹ́ bó yá, á kàn di tíṣà ni. Ṣé òótọ́ ni? Àbí ó ti pẹ́ jù fún un? Wákàtí mẹ́fà ló ń lò lóòjọ́ nídìí kíbọ́ọ̀dù wa nílé. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ń ro ó díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà láti sinmi.”

Ẹ kú ọmọ títọ́, mà, ẹ sì bá wa kí bàbá ọmọ wa. Mo ka lẹ́tà yín ní àkàtúnkà. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ bi mí, ẹ wá fi ẹ̀kẹrin sí ìparí bí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, bóyá ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá, àti bóyá ẹni tí ìtàgé bá já jù sílẹ̀ ló ń di olùkọ́. Ẹ̀kẹrin ni ọrùn ọwọ́ tó ń ro ó, ìyẹn ló sì ká mi lára jù. Kí ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó dá wákàtí mẹ́fà yẹn dúró lónìí. Màá sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá bàbá lóhùn, torí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo ń gbọ́ jù látìgbà tí mo ti ń jẹun nídìí dùùrù. “Á kàn di tíṣà ni.” Bàbá rí i bí ẹni pé ọ̀nà méjì ló wà, ọ̀kan já sórí ìtàgé, èkejì wà fún ẹni tó bá ṣubú lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ rí. Chopin tí ọmọ wa ń dárúkọ, ìgbà tó jókòó sídìí pianó níwájú èrò ní gbogbo ayé rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 lọ. Àwọn tó ń wá kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Paris, ọmọ ìjòyè àti aya olówó, ló ń bọ́ ọ. Fránkì 20 ló ń gbà fún ìjókòó kan, owó ńlá sì ni nígbà náà. Wọ́n ní kì í fọwọ́ ara rẹ̀ gba owó ọ̀hún. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé e sórí pẹpẹ tó wà lókè ibi ìdáná yàrá, òun á kọjú sí fèrèsé bí ẹni pé kò rí i. Èmi ò lè dán irú ẹ̀ wò ní Èkó. Màá gba tèmi lọ́wọ́, màá sì kà á.

Ẹ wo Clara Schumann náà. Wọ́n bí i ní Leipzig ní Jámánì lọ́dún 1819, ọmọ ọdún 9 ló sì wà nígbà tó kọ́kọ́ tẹ dùùrù fún èrò ní gbọ̀ngàn Gewandhaus. Ọkọ rẹ̀, Robert, tó ń kọ orin, ṣàìsàn ọpọlọ, ó kú lọ́dún 1856, ó fi ọmọ méje sílẹ̀ fún un. Eré tó ń rìn kiri ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ló fi tọ́ wọn. Síbẹ̀, lọ́dún 1878, nígbà tí kò sí ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, ó gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Hoch ní Frankfurt, ibẹ̀ ló sì wà títí di 1892. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé obìnrin yẹn bọ́ láti orí ìtàgé. Ó ń ṣeré, ó ń kọ́ni, iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì. Àwọn atẹdùùrù fúnra wọn mọ èyí, torí bí ìdílé onílù ṣe ń ka ìran wọn ni wọ́n ṣe ń ka orúkọ ẹni tó kọ́ wọn. Beethoven ló kọ́ Czerny. Czerny kọ́ Liszt, ó sì tún kọ́ Leschetizky. Leschetizky kọ́ Schnabel. Schnabel kọ́ Leon Fleisher, ará Amẹ́ríkà tó kú lọ́dún 2020. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ní kíkọ́ni kò yẹ òun, okùn náà ti já síbẹ̀ nìyẹn.

Bàbá lè ní òyìnbó ni gbogbo àwọn tí mo kà. Ó dáa. Fela Sowande, tí wọ́n bí lọ́dún 1905, tẹ pianó, ó tẹ ọ́gáànù ní London, ó gba àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ fún àwọn atẹ́gáànù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì ló sì ti ń kọ́ni títí ó fi dàgbà ní Amẹ́ríkà. Ayọ̀ Bánkọ́lé, ọmọ atẹ́gáànù ṣọ́ọ̀ṣì ní Jos, lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ orin Guildhall ní London, ó lọ sí Cambridge, ó padà wálé, ó sì ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó títí ikú fi mú un lọ́dún 1976. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Akin Euba, ọdún 1935 kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Ìyẹn kọ́ pianó ní Trinity College of Music ní London, ó kọ́ni ní Èkó, ó kọ́ni ní Ifẹ̀, ó sì parí rẹ̀ ní Yunifásítì Pittsburgh. Euba yìí ló ń sọ kiri pé pianó lè sọ̀rọ̀ bí ìlù, ó sì kọ orin tó fi hàn bẹ́ẹ̀, ọwọ́ òsì á máa di ohun kan náà mú bíi omele, ọwọ́ ọ̀tún á máa pe ẹnà lórí ẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ wa wá orin rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó gba gíréèdì 8 nílùú yìí ni kò tíì fọwọ́ kan orin Yorùbá kan rí lórí pianó, èyí sì máa ń bí mi nínú díẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, bàbá rí ibì kan, kò rí ibì kan. Ó rí i pé ìtàgé nìkan kì í bọ́ni, òótọ́ ni. Ẹgbẹ́ ọ̀kẹ́sítírà ńlá nílẹ̀ òkèèrè lè gba ọgbọ̀n ènìyàn tó ń ta violin síṣẹ́ olóṣù. Atẹdùùrù àdáṣe kò ní àga olóṣù níbẹ̀, àlejò ni. Wọ́n á pè é fún ọjọ́ mélòó kan, á tẹ kọ̀ǹṣátò kan, ìyẹn orin gígùn tí òun àti ọ̀kẹ́sítírà jọ ń ṣe, á gbowó, ó di ibòmíràn. Gbogbo ayé ni wọ́n sì ti ń ṣa àlejò ọ̀hún, láti China dé Rọ́ṣíà. Ìdíje Chopin tí wọ́n ń ṣe ní Warsaw lẹ́ẹ̀kan lọ́dún márùn-ún, ẹni tó bá gbégbá orókè níbẹ̀ á ríṣẹ́ ṣe fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó ṣe ìkẹwàá lè padà sílé lọ máa kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀. Ẹ tún wo ohun tí eré kan ń gbà lára ènìyàn. Eré àdáṣe kan lè tó wákàtí kan àbọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì ń retí kó tẹ̀ láìwo ìwé. Clara yẹn wà lára àwọn tó sọ èyí dàṣà, àwa tó tẹ̀ lé e là ń jìyà ẹ̀. Oṣù mẹ́fà lè wọ̀ ọ́ lọ, owó alẹ́ kan ni wọ́n máa san.

Ibi tí bàbá kò rí ni pé àwọn tó mọṣẹ́ kì í dúró de alẹ́ kan yẹn. Nílé níbí, ẹni tó mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa máa ń so iṣẹ́ mẹ́rin márùn-ún pọ̀. Á wà nílé-ìwé aládàáni láàárọ̀, á máa kọ́ ọmọ ní ilé wọn ní ìrọ̀lẹ́, á bá kọ́áyà dánrawò ní Sátidé, á tẹ ọ́gáànù lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìgbéyàwó àti ìsìnkú á wà láàárín. Akọrin tó fẹ́ ṣeré tàbí tó fẹ́ ṣèdánwò gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò tẹ dùùrù tì í lẹ́yìn, iṣẹ́ yìí sì pọ̀ ju ẹni tó lè ṣe é lọ, torí ó gba kéèyàn lè ka ìwé orin lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń jẹun nídìí ẹ̀. Àwọn tó kọ́lé níbẹ̀ kò pọ̀, màá fẹ́ kí ọmọ wa mọ ìyẹn. Oṣù Kẹjọ máa ń gbẹ, torí àwọn ọmọ ti gba họlidé, àwọn òbí ò sì ní sanwó ohun tí ọmọ ò kọ́. Tí owó ilé-ìwé bá wọlé dé ní Oṣù Kẹsàn-án, ẹ̀kọ́ dùùrù ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé kúrò. Súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ á jẹ wákàtí méjì láàárín ọmọ kan sí èkejì. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan ń san owó tó nítumọ̀ fún atẹ́gáànù wọn. Àwọn mìíràn á ní Ọlọ́run á san án, èmi náà sì ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n wọn kì í gba ìyẹn nílé epo.

Kíkọ́ni fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹni tó mọ dùùrù tẹ̀ á ṣàdédé mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ kan. Ọmọ kan jókòó, ó ń tẹ síkéèlì C, ìyẹn àwọn ohùn tó ń gòkè léra wọn, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, ó sì máa ń sáré níbì kan náà lójoojúmọ́. Ẹ ní “má sáré,” ó ń sáré. Olùkọ́ tí kò mọṣẹ́ á máa tún un sọ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á wo ọwọ́ ọmọ náà, kò ní fi etí nìkan ṣe é. Á rí i pé lẹ́yìn ìka mẹ́ta àkọ́kọ́, tí àtàǹpàkò yẹ kó gba abẹ́ ìka àárín kọjá lọ sórí kíì kẹrin, àtàǹpàkò yẹn ń pẹ́. Torí pé ó pẹ́, ọmọ náà ń ju ìgbọ̀nwọ́ síta kí àtàǹpàkò lè débẹ̀. Torí pé ó ju ìgbọ̀nwọ́, ó pàdánù àkókò. Torí pé ó pàdánù àkókò, ó ń sáré lórí kíì tó tẹ̀ lé e kó lè bá ìlù mu. Eré sísá tí gbogbo wa ń gbọ́ kọ́ ni àrùn náà. Ẹ jẹ́ kó tẹ kíì mẹ́rin péré, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí àtàǹpàkò ti máa rìn lọ nígbà tí ìka kejì bá ṣì ń tẹ̀. Kò ní pẹ́ tí eré náà á fi lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ eré mọ́. Ẹni tó bá ń wá irú ìdí báyìí fún ọmọ ẹlòmíràn lójoojúmọ́, ọwọ́ tirẹ̀ náà á gbọ́n sí i. Rosina Lhévinne kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Juilliard ní New York fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló kọ́ Van Cliburn tó gbégbá orókè nínú ìdíje pianó ní Moscow lọ́dún 1958. Lọ́dún 1963, tó ti lé lọ́mọ ọdún 80, ó jókòó pẹ̀lú ọ̀kẹ́sítírà New York Philharmonic, ó tẹ kọ̀ǹṣátò Chopin fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti gíréèdì 8. Máàkì 131 nínú 150 dára gan-an, 130 ni ipò tó ga jù ti bẹ̀rẹ̀, ẹ bá mi kí i kú iṣẹ́. Àmọ́ àwọn òbí máa ń rò pé bí ọmọ bá ti dé 8, ó ti kọ́ ọ tán. Ohun tó fi hàn ni pé ó lè fi ọ̀pọ̀ oṣù múra orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ dáadáa. Láàárín àwọn tó ń fi dùùrù ṣiṣẹ́, ìyẹn ni ẹnu ọ̀nà. ABRSM fúnra wọn ní ìwé ẹ̀rí mẹ́ta, ARSM, LRSM àti FRSM, lókè rẹ̀. Bó bá sì fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n sábà máa ń béèrè orin Bach kan, odidi sonata (orin gígùn alápá mélòó kan) ti Haydn, Mozart tàbí Beethoven, orin gígùn kan láti ọwọ́ Chopin, Liszt tàbí Brahms, àti étude (orin ìdánrawò ìka) kan tó le, gbogbo rẹ̀ lórí ìjókòó kan. Àwọn tó máa bá a jókòó ṣe ìdánwò yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti parí gíréèdì 8 kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 13.

Nítorí náà, ṣé ó ti pẹ́? Bó bá jẹ́ pé atẹdùùrù àdáṣe tó ń ti Berlin bọ́ sí Tokyo ló ní lọ́kàn, màá sọ ọ́ bó ṣe rí: àǹfààní rẹ̀ kéré púpọ̀. Àwọn tó ń débẹ̀ ti ní pianó gidi àti olùkọ́ gidi láti ọmọ ọdún márùn-ún, mẹ́fà. Àwọn ìdíje ńlá sì máa ń ti ilẹ̀kùn ní nǹkan bí ọmọ ọdún 30. N kò ní sọ pé kò ṣeé ṣe, torí n kò tíì gbọ́ ọ kó tẹ orin. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ fi dùùrù jẹun, kó máa ṣeré, kó máa kọ́ni, kó máa bá akọrin ṣiṣẹ́, ọdún 17 kò pẹ́ rárá, bó bá ti lè rí pianó lò.

Ọ̀rọ̀ pianó yìí ló gbé mi dé ọrùn ọwọ́. Ẹ ní orí kíbọ́ọ̀dù ló ti ń lo wákàtí mẹ́fà. Bó bá jẹ́ irú èyí tó wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní kíì 61 tó fúyẹ́ bíi ike, ẹ̀kọ́ tí ọwọ́ ń kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ti pianó. Nínú pianó, kíì kọ̀ọ̀kan ń ju òòlù kékeré kan sí wáyà. Kíì náà kò lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 10, òòlù sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kan wáyà. Bí ohùn bá ti jáde, kò sí agbára tí ìka tún lè lò tó máa yí i padà. Kéèyàn máa fà á gùn tàbí kó jẹ́ kó dákẹ́ ló kù. Ẹni tó bá kọ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù fífúyẹ́, tó wá bá pianó pàdé, máa ń rí i pé kò dún tó, á wá máa fi agbára tẹ̀, á sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ohùn ti jáde. Iṣan apá á máa le gbagidi láìsinmi. Ẹ tún wo àga tó ń jókòó lé. Bó bá jẹ́ àga oníke tí a ń lò níbi òde ni, ó ṣeé ṣe kó kéré jù, kí ọrùn ọwọ́ wá máa tẹ̀ sísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń tẹ dùùrù. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ yẹ kó wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú kíì, tàbí kó fi díẹ̀ ga jù ú lọ.

Mo mọ ìdí tí kò fi fẹ́ sinmi. Wọ́n ti sọ fún un pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ jù ló ń borí. Chopin máa ń kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má kọjá wákàtí mẹ́ta lóòjọ́. Robert Schumann, ọkọ Clara, fẹ́ di atẹdùùrù kó tó di ẹni tó ń kọ orin. Ó ba ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ nígbà tó lé díẹ̀ lọ́mọ ogún ọdún, ó sì parí síbẹ̀ fún un. Clara pàápàá ní láti pa eré tì fún ìgbà díẹ̀ nítorí ìrora apá. Fleisher tí mo dárúkọ lókè bá New York Philharmonic ṣeré nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 16, ó gbégbá orókè ní ìdíje Queen Elisabeth ní Brussels lọ́dún 1952, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n ń fojú sí jù lọ ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1964, ìka méjì tó kẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọnú àtẹ́lẹwọ́, wọn ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí kò fi lè fi ọwọ́ méjèèjì tẹ dùùrù bó ṣe yẹ. Ó ń tẹ àwọn orin tí wọ́n kọ fún ọwọ́ òsì nìkan, irú kọ̀ǹṣátò tí Ravel kọ fún Paul Wittgenstein tí ogun gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó sì ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Peabody ní Baltimore, níbi tó ti ń kọ́ni kí ọwọ́ náà tó bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ àti ìtọ́jú iṣan ló jẹ́ kó padà sórí ìtàgé pẹ̀lú ọwọ́ méjì. Bí kò bá jẹ́ pé ó ti di olùkọ́ ṣáájú ni, n kò mọ ohun tí ì bá di ọkùnrin yẹn mú ní àárín ọdún wọ̀nyẹn.

N kì í ṣe dókítà, n kò sì lè wo ọrùn ọwọ́ láti inú lẹ́tà. Ọmọ wa kò gbọ́dọ̀ ka ìtàn Fleisher kó wá rò pé òun ló ń ṣe òun. Ìrora tó wọ́pọ̀ máa ń lọ bí wọ́n bá tètè fún un ní ìsinmi. Ohun tí màá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tèmi ṣe ni kó dá títẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kó máa ka ìwé orin lójú lásán, kó máa gbọ́ ọ, kó máa kọ́ ọ sórí láìfọwọ́ kan kíì. Tó bá padà, kó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú, kó dìde, kó tún padà. Bí ìrora náà bá ń jí i lóru, bí ìka bá ń ta á bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún un tàbí tó ń kú tipiri, bí kò bá lè di ife mú dáadáa, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ béèrè ẹni tó mọ̀ nípa iṣan àti eegun. Ẹ má fi òróró ìpara nìkan ṣe é.

Bí owó bá wà láti ra pianó, ẹ má sáré ra tòkunbọ̀ onígi torí pé ó pọ́n lójú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀sẹ̀ gbọọrọ, igi inú wọn sì ti là. Ọ̀yẹ́ á gbẹ wọ́n, òjò á mú wọn wú, wáyà á dípẹtà, ẹ ó sì máa wá ẹni tó ń to ohùn pianó kiri ní ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Pianó oníná tó ní kíì 88 tó wúwo bíi ti gidi ni mo máa ń ní kí àwọn òbí kọ́kọ́ rà. Ó nílò iná, ẹ mọ ọ̀rọ̀ NEPA, ṣùgbọ́n inverter kékeré gbé e. Kó wá máa lọ sọ́dọ̀ tíṣà rẹ̀ lo ti gidi nígbà tí ìdánwò tàbí eré bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ibo ló wá yẹ kó lọ? Ilé-ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Oníkan, ní Èkó, ní ẹ̀kọ́ dípúlómà ọlọ́dún méjì, MTN Foundation sì ti ń san owó ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé gbọ̀ngàn eré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì, ọmọ á sì máa rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ìtàgé, èyí tí kò lè rí nínú pálọ̀ yín. Yunifásítì Èkó àti OAU ní Ifẹ̀ ń fúnni ní dìgírì nínú orin. Àkókò tí wọ́n ń lò nídìí dùùrù gan-an kò tó bí mo ṣe fẹ́, torí ìtàn orin, orin ìbílẹ̀ àti kíkọ orin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí náà á ṣílẹ̀kùn ilé-ìwé fún un lẹ́yìn ọ̀la. Ní ti òkèèrè, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ orin ìjọba ní Jámánì kì í gba owó ẹ̀kọ́, àyàfi àwọn ìpínlẹ̀ kan bíi Baden-Württemberg tó ń gba 1,500 euro ní sẹ̀mẹ́sítà kan lọ́wọ́ ẹni tí kò wá láti ilẹ̀ Yúróòpù. Owó oúnjẹ, ilé, físà àti èdè Jámánì ló ń ṣẹ́ ni nírìn-àjò yẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ orin Curtis ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà kò gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti 1928, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n sì ń mú. Tèmi ni pé kó kọ́kọ́ ṣe èyí tó wà nílé, kó lọ sókè òkun fún máástà nígbà tó bá ti mọ irú atẹdùùrù tí òun jẹ́.

Bó bá pinnu láti kọ́ nọ́ọ̀sì kó sì máa tẹ ọ́gáànù lọ́jọ́ Ìsinmi, n kò rí àbùkù níbẹ̀, mo mọ àwọn atẹ́gáànù gidi tó jẹ́ oníṣẹ́ ìjọba. Àmọ́ ẹ má ṣe fi ìyẹn tàn án jẹ pé á padà sídìí Beethoven tó bá ṣe tán. Láti 17 sí 23 ni ọwọ́ ń gba ohun tó le jù, àsìkò tí nọ́ọ̀sì kì í sùn náà nìyẹn.

Kí fọ́ọ̀mù JAMB tó jáde, ẹ jẹ́ kó fi oṣù díẹ̀ wo iṣẹ́ náà bó ṣe rí gan-an, nígbà tí ọwọ́ bá ti san. Kó wá ọmọ kékeré méjì ní àdúgbò, kó máa kọ́ wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó sì gba owó, bó tilẹ̀ kéré. Kó wá akọrin kan nínú kọ́áyà, kó máa tẹ dùùrù tì í lẹ́yìn. Kó máa ka orin ìsìn tuntun kan lójú ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kó sì múra eré ogójì ìṣẹ́jú sílẹ̀, orin Akin Euba tàbí Ayọ̀ Bánkọ́lé kan nínú rẹ̀, kó ṣe é níwájú èèyàn nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, kí bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá ń dùn lọ́jọ́ eré nìkan, tí ọmọ méjì yẹn àti akọrin náà ń sú u, ẹ bá a ra fọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì. Bó bá jẹ́ pé òun ló ń wá ọmọ kẹta kiri fúnra rẹ̀, Orin ni kó fi sí ipò àkọ́kọ́ lórí fọ́ọ̀mù náà.